Èèrà Ló Tú Àṣírí Ìgò Bàbá Mi

                                                                Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                                                Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                                                Agbowó, Ìbàdàn,
                                                                Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                                                Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Bélú, 2025.

Ṣọlápé, ọmọ ìyá tí ìyá mi kò bí,

Báwo ni ara? Ṣé oúnjẹ ilé-ìwé yín ti ń gba ọ̀fun kọjá báyìí, àbí ẹ̀wà tí kò jinná tó ń ró lẹ́nu yẹn náà ni ẹ ṣì ń jẹ? Ẹsẹ̀ tí o fi gbá òkúta lọ́jọ́ eré ìdárayá ńkọ́, ṣé ó ti san? Mo rí Màmá yín ní Bódìjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní o ti sanra, mo sì sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé ìfẹ́ ìyá sí ọmọ ló ń sọ̀rọ̀. Simon àbúrò rẹ wà pẹ̀lú wọn. Ó ti ga bí òpó iná, ohùn rẹ̀ sì ti ń já bíi ti ẹ̀rọ amúnáwá tí epo ń tán nínú rẹ̀. Ara gbogbo wọn le.

Àwa náà wà dáadáa. Jọ̀wọ́ kọ́kọ́ di ìyẹn mú kí o tó ka ìyókù. Bàbá mi wà láàyè, wọ́n ń kọrin nínú balùwẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, orin náà kò sì dùn rárá. Ìdí tí mo fi ń ṣàlàyé ni pé ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ lè já ọ láyà ní àárín, mi ò sì fẹ́ kí o dákú sínú kíláàsì kí wọ́n wá sọ pé èmi ni mo fà á. Fóònù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ló jẹ́ kí n máa fi bírò họ ìwé. Ọ̀rẹ́ Bàbá mi kan tó ń ná Ìsẹ́yìn láti Ojoo ló ní àwọn yóò bá mi já a sí ẹnu géètì yín. Tí o bá rí àbàwọ́n epo mọ́tò lára àpò ìwé náà, má bi mí.

O mọ̀ pé kí wọ́n tó bí wa ni Bàbá mi ti ń wa ọkọ̀ láti Ojoo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún tó kọjá tí táyà bẹ́ mọ́ wọn lẹ́nu ìrìn lẹ́yìn Ọ̀yọ́, Màámi kò jẹun fún odindi ọjọ́ méjì, àfi àkàrà mẹ́fà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá àwọn fún Bàbá níṣẹ́ tí wọn yóò ti máa wálé jẹun alẹ́. Ní ìparí oṣù tó kọjá ni Ọlọ́run dáhùn. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Bódìjà ń wá ẹni tí yóò máa fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ kéékèèké, nítorí pé awakọ̀ tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìntì. Ọ̀gá ilé-ìwé náà jókòó ti Bàbá nígbà tí wọ́n wa bọ́ọ̀sì yẹn yí àdúgbò ká, wọ́n ní ẹsẹ̀ wọn rọ̀ lórí bíréèkì. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí Bàbá lọ ṣe àyẹ̀wò ara, kí wọ́n mú ìwé dókítà wá kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Bàbá lọ sí ilé àyẹ̀wò kékeré tó wà lápá ọ̀dọ̀ àwọn onífótókọ́pì. Wọ́n fún wọn ní ìgò kékeré kan tó ní ìdérí pupa, wọ́n ní ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí wọ́n gbé wá. Bàbá gbé ìgò náà sórí tẹlifíṣọ̀n wa tó ti bàjẹ́, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó wà fún. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀, Ṣọlápé. Fi ojú àánú kà á.

Ẹwàolúwa tí a jọ wà ní kíláàsì ló sọ fún wa pé tí èèyàn bá ń fi oyin pa ojú nírọ̀lẹ́, irorẹ́ á sá lọ. O mọ irorẹ́ tó wà níwájú orí mi. Ó ti dàgbà débi pé ó yẹ ká fún un lórúkọ. Bí mo ṣe wọ pálọ̀ nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè yẹn ni mo rí ìgò kékeré tó mọ́ tónítóní tó ń wò mí láti orí tẹlifíṣọ̀n, mo ní Ọlọ́run ló gbé e síbẹ̀ fún mi. Mo bu oyin tí Màámi ń lò fún ikọ́ sínú rẹ̀ dé ọrùn, mo dé e, mo gbé e sí ojú fèrèsé yàrá mi. Mo fi díẹ̀ pa ojú, mo wo dígí, mo rò pé mo ti ń dán.

Kí a tó dìde kí ìrun Àsùbáà ní Túsìdé, Bàbá jáde sí pálọ̀.

“Ta ló gbé ìgò orí tẹlifíṣọ̀n?”

Wọn kò pariwo. Ohùn tí wọ́n máa ń lò fún èrò tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ láìsanwó ni wọ́n lò.

“Ọwọ́ mi ló wà, Bàbá. Mo ní kí n bá yín fọ̀ ọ́ ni.”

Irọ́ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Mo sáré wọ yàrá, mo da oyin sínú ife, mo rọ omi tó kù nísàlẹ̀ búútà àlùwàlá sínú ìgò náà, mo mì í lẹ́ẹ̀mejì, mo dà á nù láti ojú fèrèsé, mo sì fi etí híjáàbù mi nu inú rẹ̀. Iná kò sí, omi ẹ̀rọ kò sí, ọṣẹ sì jìnnà. Lójú tèmi, ìgò náà mọ́ ju ọkàn mi lọ. Mo gbé e fún Bàbá, wọ́n ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló padà wá dùn mí jù.

Èsì jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n sọ fún Bàbá níbẹ̀ pé kí wọ́n gbé ìwé náà lọ bá dókítà, pé àwọn kì í túmọ̀ rẹ̀ fún èèyàn. Bàbá ní àwọn ti gbọ́, wọ́n sì gbé e wá sílé. Bọ̀dá Surajudeen ló gbà á kà. O rántí wọn, àbúrò Bàbá tó ń lẹ táyà ní Ṣàngó, tí kò sí ohun tí wọn kò mọ̀ láyé yìí àfi ọjọ́ ikú wọn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí nídìí lórí ìwé náà. Ṣúgà wà níbẹ̀, wọ́n to àmì ìròpọ̀ mẹ́rin tẹ̀lé e bí irin géètì. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àmì ìròpọ̀ kan. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn nǹkan kan tó dì bíi yanrìn wà nínú ìtọ̀ náà. Bọ̀dá kò dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí géètì yẹn ni wọ́n ká ìwé náà, wọ́n ṣí fìlà lórí.

“Ẹ̀gbọ́n, ìtọ̀ ṣúgà ni. Ó sì ti dé òkè téńté.”

Mi ò purọ́, aago ara ògiri pàápàá dúró. Ó dáa, láti oṣù Kẹjọ ni bátìrì rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàkíyèsí rẹ̀. Màámi dìde, wọ́n kó gbogbo ohun dídùn tó wà nínú ilé: ṣúgà, mílò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n, títí kan bisikíìtì tí mo fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Luke, àwọn tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún. Ìyá Luke gbà á tomijé-tomijé, wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi àwọn yóò gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Bàbá Fáìzàh. Luke jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ bisikíìtì mi níṣojú mi, ó ní òun ń bá wa kẹ́dùn.

Bàbá mi ni n kò fẹ́ kí o rí. Ọkùnrin tó lè fi ohùn nìkan dá tírélà dúró wá jókòó sórí ẹní bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Wọ́n fún Bọ̀dá Surajudeen ní jalamíà funfun tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí Yídì. Wọ́n dárí ji awakọ̀ kan tó fi ọkọ̀ ha tiwọn lára ní Mọ́níyà láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹni tí wọ́n ti ń ṣépè fún ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè. Wọ́n wá pè mí. “Fáìzàh, rédíò mi, ìwọ ni kí o máa lò ó. Má jẹ́ kí wọ́n tà á.” Mo gba rédíò náà, mo sì bú sẹ́kún. Ká ní wọ́n da ẹkún mi ọjọ́ náà sí Odò Ògùnpa ni, gbogbo àwọn ará Dùgbẹ̀ ì bá ti máa ru ẹrù sá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ló ń dun Bàbá jù. Iṣẹ́ yẹn ni. Wọ́n ní ta ni yóò gbé ọmọ ọlọ́mọ lé ẹni tí ojú rẹ̀ lè ṣú nídìí ọkọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn kò tiẹ̀ ní lọ sọ́dọ̀ dókítà mọ́, nítorí pé bí dókítà bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó di pé kò sí ibi tí wọ́n tún máa gbà wọ́n sí. Wọ́n ti gbé fóònù láti pe ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn níṣẹ́ náà. Màámi ló rọra gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n ṣáà dúró di Jímọ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Bọ̀dá Surajudeen dé pẹ̀lú ìmọ̀ tuntun. Wọ́n ní láyé àwọn bàbá àwọn, kò sẹ́ni tó ń lo ìgò onídèérí pupa. Èèyàn á kàn tọ̀ sí ẹ̀bá ògiri ni. Tó bá jẹ́ ṣúgà lóòótọ́, èèrà á wá jẹ́rìí. Bàbá kọ̀, wọ́n tún kọ̀, wọ́n wá lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n sì padà wá jókòó. Ni gbogbo ojúlé bá jáde wá wo èèrà. Ìyá Luke gbé àga tiwọn wá. Bọ̀dá jókòó sórí táyà kan, wọ́n fi ọwọ́ lé àgbọ̀n bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Èèrà kan yọ láti inú ihò. Ó dé etí ibẹ̀, ó dúró, ó yà, ó bá tirẹ̀ lọ.

“Ó ń lọ pe àwọn yòókù ni,” Bọ̀dá wí.

“Surajudeen,” Màámi dáhùn, “èèrà yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìwọ ni o kò ní.”

A dúró títí ẹ̀fọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wá. Kò sí èèrà kankan. Bọ̀dá ní kí a má wo ti ìyẹn, pé èèrà Agbowó ti bàjẹ́, àjẹkù ìrẹsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dà nù ti jẹ́ kí wọ́n máa ṣa ohun tí wọn yóò jẹ. Wọ́n wá ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú ọ̀rá kékeré kan jáde. Oògùn ni. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ṣàngó tó ní ìtọ̀ ṣúgà lóòótọ́ ló bu hóró mẹ́wàá fún wọn nínú tirẹ̀. Wọ́n ní kí Bàbá máa lo méjì láàárọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kan oúnjẹ. Bàbá kò jiyàn. Ẹni tó ti pín rédíò rẹ̀, kí ló kù tí kò ní gbé mì?

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo na ọwọ́ láti mú híjáàbù mi kúrò lára ìṣó. Nǹkan kan ta mí. Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó dáadáa. Ṣọlápé, gbogbo èèrà tó kọ̀ láti wá sí ìpàdé Bọ̀dá ló pé sí etí híjáàbù mi. Wọ́n tò láti ojú fèrèsé níbi tí mo gbé ìgò sí, wọ́n gba ara ògiri, wọ́n dárí sọ́tùn-ún, wọ́n sì gòkè lọ tààrà síbi tí mo fi nu inú ìgò yẹn. Wọ́n tó mílíọ̀nù méjì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí orí mi tó ta jí. Oyin. Ìgò. Géètì ṣúgà.

Mi ò ní tàn ọ́, ó wá sí mi lọ́kàn láti dákẹ́. Mo ro ohun tí Bàbá máa ṣe fún mi, mo sì rí i pé Ìsẹ́yìn tí o wà kò jìnnà tó láti sá lọ. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí Màámi ń rọ omi sí ife ní pálọ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, hóró méjì ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ Bàbá, Bísímílà sì ti wà lẹ́nu wọn. Bọ̀dá, tó sun ilé wa mọ́jú nítorí àníyàn, jókòó tì wọ́n, wọ́n ń ṣọ́ bí oògùn yóò ṣe wọlé. Mo fò mọ́ ọwọ́ Bàbá. Hóró kan yí lọ sábẹ́ àga, èkejì kó sínú bàtà Bọ̀dá.

“Ẹ má lò ó, Bàbá. Oyin ni. Oyin mi ni.”

“Oyin wo?”

Mo kúnlẹ̀, mo sì ka gbogbo rẹ̀, láti orí irorẹ́ títí dórí búútà. Mo gbé híjáàbù náà jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́rìí tó wà lára rẹ̀. Màámi wo híjáàbù, wọ́n wò mí, wọ́n wo Bọ̀dá. Mo ń retí ìgbátí. Èmi náà ti tẹ etí òsì sílẹ̀, nítorí èyí tọ̀tún ni mo fi ń gbọ́ orin. Bàbá mí kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, èmi kọ́ ni wọ́n kọjú sí.

“Surajudeen,” wọ́n ní, “lọ gbé jalamíà mi wá.”

Màámi kò jẹ́ ká yọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ìjẹ́wọ́ mi kò lè dípò ìwé dókítà, kí gbogbo wa wọ bàtà. Ilé ìwòsàn kan lọ́nà Ríńgì Róòdù ni a lọ, níbi tí ọ̀rẹ́ wọn kan ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Dókítà Adégbóyè ló dá wa lóhùn, obìnrin kúkúrú kan tí ojú wọn máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu wọn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n ro ẹjọ́ mi. Mo rò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nu omijé. Ẹ̀rín náà parẹ́ nígbà tí Bọ̀dá fi ọ̀rá oògùn hàn wọ́n. Wọ́n ní oògùn yẹn lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ní àìsàn náà wálẹ̀ débi tí onítọ̀hún á fi dákú, pé bó bá wá jẹ́ pé ìdí ọkọ̀ ló wà. Wọn kò parí gbólóhùn yẹn. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í ka èékánná ẹsẹ̀ wọn.

Wọ́n gún Bàbá níka, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ wọn: ṣúgà wà bó ṣe yẹ kó wà. Wọ́n fún wọn ní ìgò tuntun tó ṣì wà nínú ọ̀rá, nọ́ọ̀sì sì dúró láàárín èmi àti ìgò náà bí ọlọ́pàá. Wọ́n kọ́ Bàbá pé kí ìtọ̀ díẹ̀ kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n tó gba ti àárín sínú ìgò. Nígbà tí èsì dé, àyè ṣúgà ṣófo. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan láti jó, ni Dókítà bá na ìka sí mi pé kí n gbé e sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Yanrìn yẹn náà ṣì wà níbẹ̀. Ìtọ̀ náà sì ki, ó pọ́n bíi tíì tí wọn kò bu mílíìkì sí.

“Ṣúgà ló gba gbogbo ojú yín,” wọ́n ní. “Ohun tó yẹ kí ẹ wò, ìsàlẹ̀ ìwé ló wà láti ọjọ́ Túsìdé.”

Wọ́n bi Bàbá ìgbà tí wọ́n mu omi kẹ́yìn. Bàbá ní àná. Àná ìgbà wo? Bàbá ní àná náà ni. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ jáde. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ kì í mu omi láti ìdájí títí ọkọ̀ yóò fi padà sí Ojoo, nítorí pé tó bá dúró lójú ọ̀nà láti tọ̀, àwọn èrò á bú u títí kan ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì gba ipò rẹ̀ ní gáréèjì. Ọdún méjìlélógún ni Bàbá mi ti ń mú ìtọ̀ mọ́ra, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka àmì-ẹ̀yẹ. Wọ́n ní ẹ̀pà oníyọ̀ ni àwọn máa ń jẹ láti Ojoo dé Ọ̀yọ́ kí oorun má bàa gbé àwọn. Dókítà bi wọ́n bóyá ìhà máa ń dùn wọ́n. Bàbá wo òkè, wọ́n wo Màámi, wọ́n ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀, pé àga ọkọ̀ ni àwọn rò pé ó fà á. Màámi kọjú sí ògiri.

Dókítà bu omi sí ife. Wọ́n ní bí èèyàn bá da iyọ̀ díẹ̀ sínú omi tó pọ̀, á yòrò, kò sẹ́ni tó máa rí i. Bí omi bá kéré, iyọ̀ yẹn á padà dì sí ìdí ife. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú kíndìnrín. Àwọn ohun tó yẹ kí ìtọ̀ gbé jáde kò rí omi tó máa gbé wọn, ni wọ́n bá ń dì. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, yanrìn lè di òkúta, òkúta á máa ha ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde, ìrora rẹ̀ sì lè mú kí àgbà ọkùnrin yí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí yanrìn nínú ìtọ̀ rẹ̀ ló ní òkúta, ẹ̀jẹ̀ náà sì lè ti ibòmíràn wá. Ìwé kan ṣoṣo kì í dá ẹjọ́. Ó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú.

Wọ́n mú Bàbá wọ yàrá tí ẹ̀rọ náà wà, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìhà Bàbá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, iṣẹ́ Bódìjà náà wà níbẹ̀, ọ̀la sì ni Jímọ̀. Màámi ń fa tẹ̀súbáà lábẹ́ ìborùn. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé tí kò bá sí òkúta, mi ò ní purọ́ mọ́ títí ayé mi. Mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́ látìgbà náà, a ti dín in kù sí oṣù mẹ́ta.

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà ní kò sí òkúta. Kíndìnrín méjèèjì mọ́. Wọ́n ní, “Ẹ tètè dé ni.” Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwo ibi tí àga wà. Bọ̀dá di mọ́ ọkùnrin kan tó wá gba oògùn tirẹ̀, ẹni tí a kò mọ̀ rí. Èmi ní tèmi, ara mi fúyẹ́ débi pé ká ní afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀ ni, àdúgbò Challenge ni wọn ì bá ti lọ gbé mi.

Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé Bàbá lè wa ọkọ̀, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa ráyè mu omi, kí wọ́n sì máa ráyè tọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ títí ìtọ̀ yóò fi mọ́, kì í ṣe kí wọ́n dúró di alẹ́ kí wọ́n wá da gálọ́ọ̀nù dé orí. Kí wọ́n dín iyọ̀ àti ẹ̀pà kù, kí wọ́n má mú ìtọ̀ mọ́ra mọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ inú omi dára. Bí ìhà bá tún dùn gidi, tàbí tí ibà bá tẹ̀lé e, kí wọ́n má dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ padà wá tọ̀ sínú ìgò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fojú fò, bó ti wù kó kéré tó. Lórí ọ̀rọ̀ èèrà, wọ́n ní ohun tí èèrà bá rí ló ń jẹ, kò lọ sílé-ìwé dókítà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, Bàbá ti fi ìwé náà lé ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́. Wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀, wọn kò ṣe bíi tiwa. Wọ́n ní ilé ìtọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ẹ̀rọ omi tútù wà lẹ́nu ọ́fíìsì, ṣé Bàbá lè bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Báyìí ni Bàbá mi ṣe di awakọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni wọ́n ń wọlé. Àwọn ọmọ náà ti kọ́ wọn lórin kan nípa pẹ́pẹ́yẹ, òun ni wọ́n ń kọ nínú balùwẹ̀ yẹn.

Ìyà tèmi ni pé wọ́n fi mí jẹ ọ̀gá omi. Láràárọ̀ ni mò ń rọ omi sínú ìgò ńlá mẹ́ta, mò ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún mi ní òfìfo. Bàbá máa ń jábọ̀ fún mi láti inú ilé ìtọ̀.

“Fáìzàh, ó ti dà bí omi ọsàn.”

“Kò tíì tó, Bàbá. Ẹ mu sí i.”

Gbogbo ojúlé ló ń gbọ́. Luke ti ń béèrè lọ́wọ́ mi láàárọ̀ pé, “Àwọ̀ wo la wà lónìí?”

Ìwọ náà, Ṣọlápé, má rò pé o ti bọ́. Dókítà bi mí lọ́jọ́ náà bóyá mò ń mu omi nílé-ìwé, mo ní rárá, pé ẹni tó bá rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa kò ní fẹ́ mu omi láé. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe wo Bàbá. Mo mọ̀ pé tiyín náà kò sàn ju tiwa lọ, mo sì mọ̀ pé o máa ń fi ètè kan omi láàárọ̀ kí o má bàa débẹ̀. Jọ̀wọ́, máa mu omi. Tí ilẹ̀kùn ibẹ̀ kò bá ṣeé tì, mú ọ̀rẹ́ kan dání kó bá ọ ṣọ́ ọ.

Àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló wá kù. Nọ́ọ̀sì fún Bàbá ní ìgò méjì, wọ́n ní bí ọ̀kan bá jábọ́. Àwọn ìgò yẹn kò kan tẹlifíṣọ̀n rárá. Inú àpò ṣòkòtò Bàbá ni méjèèjì wà, wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta wé e, mo sì rí wọn níbi tí wọ́n ti ń wo ọwọ́ mi nígbà tí mo ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá yìí ni èsì jáde. Èmi ni mo kà á sókè fún gbogbo ilé, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Yanrìn, kò sí. Ẹ̀jẹ̀, kò sí. Ṣúgà, kò sí, kò sì sí níbẹ̀ rí.

Nígbà tí a jẹun tán, Bàbá gbé ìgò kejì tó ṣẹ́kù síwájú mi. Oyin ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ti fi bébà kékeré lẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ọwọ́ wọn kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà: OYIN FÁÌZÀH. KÌ Í ṢE TI ÀYẸ̀WÒ.

“Irorẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀ o,” wọ́n ní.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́ sí mi.

“Rédíò mi dà?”

Ṣọlápé, mi ò tíì fi inú dídùn dá ogún padà bẹ́ẹ̀ rí.

Bá mi kí àwọn ọmọ yàrá yín, àní èyí tó máa ń hanrun yẹn. Màámi ní kí n kí ọ, Ìyá Luke náà ní àwọn ń rántí rẹ nínú àdúrà. Bọ̀dá Surajudeen ní kí n sọ fún ọ pé tí ohunkóhun bá ń ṣe ọ́, kí o lọ rí dókítà, pé àwọn ti fẹ̀yìntì. Fèsì fún mi kíákíá, fi rán awakọ̀ yẹn kan náà, kí o sì fún un ní omi mu kó tó padà.

                                                                Èmi ni tìrẹ, ọ̀gá omi,
                                                                Fáìzàh Àjàmú.